Ọwọ́ Tí Ilé Fi Pamọ́

Ẹnjiníà fi orúnkún ti ìlẹ̀kùn iwájú kó má baà máa mì, ó fi sípánà gbá nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú apá irin tó wà lára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe irin náà. Ó gùn tó láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, ó sì tẹ̀ díẹ̀ ní ìparí, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò lè di nǹkan mú á kàn gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e, á tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ahọ́n ìlẹ̀kùn á fà sẹ́yìn, ìlẹ̀kùn á sì ṣí. Kò sí ohun tó ta kókó nínú rẹ̀. Bí irin bá ṣe gùn tó ni agbára tí ènìyàn máa lò á ṣe kéré tó. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dè é mọ́ ibẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ ṣí ìlẹ̀kùn, ó ń tì í, ó tún ń ṣí i, títí ìyá rẹ̀ fi ní kó lọ wá nǹkan gidi ṣe.

Ìyá rẹ̀ yọ láti ilé ìdáná báyìí, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. Ó wo ilẹ̀. Pẹ́dà tí wọ́n fi ń fi ẹsẹ̀ ṣí ẹ̀rọ omi ti wà níbẹ̀ tòun ti okùn rẹ̀, àti ìkọ́ tí wọ́n fi ń fa síípù, àti ife onígi kan tí etí rẹ̀ fẹ̀ tó kí gbogbo ọwọ́ kọjá nínú rẹ̀.

"Kí lò ń tú káàkiri bí ẹni tó fẹ́ kó kúrò nílé?"

"Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀, Màámi. Mo fẹ́ kí wọ́n bá ilé bó ṣe yẹ kó rí."

"Bó ṣe yẹ kó rí fún ta ni?"

Ẹnjiníà padà sídìí irin náà. Ó tú nọ́ọ̀tì kejì, ó sọ ọ́ sínú agolo.

Kò sí ilé ìwé tó fún un ní oyè ẹnjiníà o. Àwọn ará àdúgbò ló fi orúkọ náà kẹ́ ẹ, láti kékeré tó ti ń tú rédíò onírédíò, tó ń tò ó padà, tí nọ́ọ̀tì kan á sì ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Wọ́n á ní, "Ẹnjiníà, ṣé ti òní náà ti ṣẹ́kù?" Ó ti di géńdé obìnrin báyìí, ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe fún àwọn aránṣọ, ẹ̀rín náà sì ti dín kù. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ti gbà á wọlé. Wọ́n ní àwọn á di ààyè rẹ̀ mú títí oṣù á fi parí. Bí kò bá rí owó san nígbà náà, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún. Ohun tó ń wọlé lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, oúnjẹ ilé ló ń gbé e lọ. Bí kò bá sí òfin kan tí ìjọba ṣe, kì bá tí dá ara rẹ̀ láàmú láti kọ̀wé síbẹ̀ rárá. Òfin náà ni pé ọmọ ológun tó kú sójú ogun, tàbí tó fara pa débi tí kò lè dá tọ́jú ara rẹ̀ mọ́, ìjọba ni yóò máa san owó ilé ìwé rẹ̀ títí yóò fi jáde.

Bàbá rẹ̀ ò kú sójú ogun. Sájẹ́ǹtì ni gbogbo èèyàn ń pè é, ìyàwó rẹ̀ náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀ bí inú bá ń bí i. Ẹnjiníà ṣì ń rákòrò nígbà tí wọ́n gbé e dé pẹ̀lú ègé irin nínú ọrùn. Ọrùn jinná, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ò jí mọ́. Apá rẹ̀ ń gbéra dáadáa láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́. Láti ọrùn ọwọ́ dé ìka ni kò ti lè di nǹkan kan mú, kò sì mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù. Bẹ́ẹ̀, bí ènìyàn bá wò ó, ọwọ́ tó dára ni, ọwọ́ ńlá, tí kò ní àpá kankan.

Kò pẹ́ tó dé ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan wá kí i. Ọ̀kan nínú wọn bu búrẹ́dì, ó fi sí i lẹ́nu lójú àwọn ìyókù, ó ń kẹ́ ẹ bí ọmọ ọwọ́, ó ní kó rọra jẹ ẹ́. Sájẹ́ǹtì jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé láti ọjọ́ náà lọ, àlejò kankan ò tún ní í rí ọwọ́ òun.

Bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ní ìtò ló ṣe kọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Bí ẹnìkan bá kan ìlẹ̀kùn, ìyá á bọ́ sí apá òsì àga ọkọ rẹ̀. Ẹnjiníà á lọ pàdé àlejò, á máa kí i ní kíkún, á béèrè ará ilé àti ọ̀nà, á gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Kí àlejò tó rí ibi jókòó sí, Sájẹ́ǹtì ti ki ọwọ́ bọ àpò, ìwé ìròyìn ti wà lórí itan rẹ̀, ìyá sì ti bu omi sílẹ̀. Bí Ẹnjiníà ṣe ń dàgbà ló ń fi irin àti okùn kún ìtò náà, tó fi di pé bàbá rẹ̀ lè dá ṣí ìlẹ̀kùn, kó dá bu omi mu, kó dá wọ ṣòkòtò. Àlejò kan tiẹ̀ wo ife onígi yẹn títí, ó ní ọjà wo ni wọ́n ti ń tà á.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí nọ́ọ̀sì tí ilé iṣẹ́ ìjọba rán wá kan ìlẹ̀kùn ní oṣù tó kọjá, kò sí ẹni tó rántí pé àlejò tó yẹ kó rí ọwọ́ náà nìyí. Ara wọn ti kọ́ ọ ju ọkàn wọn lọ. Ìyá bọ́ sí apá òsì. Ẹnjiníà ń kí nọ́ọ̀sì, ó ń gba àpò rẹ̀. Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ ti ìlẹ̀kùn dé lẹ́yìn wọn. Nọ́ọ̀sì ní kó bu omi mu kí òun rí i. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, omi dà, ó ti ọwọ́ bọ etí ife, ó gbé e sẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ní kó bọ́ ẹ̀wù. Bọ́tìnnì tó wà lójú ẹ̀wù náà, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ìyá ti rán ohun tó ń lẹ̀ mọ́ra sábẹ́ wọn, bí ó bá ti fa èjìká sẹ́yìn, iwájú ẹ̀wù á ya fàà. Ó ya fàà. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ yá ju ọkọ mi lọ o." Gbogbo wọn bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, inú wọn dùn bí inú ẹni tó yege nínú ìdánwò, wọ́n sì yege lóòótọ́.

Lẹ́tà tó dé lẹ́yìn náà ò gùn. Ó ní bàbá náà ń dá ṣe ohun gbogbo láìsí ìrànlọ́wọ́, nítorí náà òfin náà ò kan ọmọ rẹ̀. Bí wọn ò bá fara mọ́ ọn, wọ́n lè béèrè pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ì báà jẹ́ nílé, ì báà jẹ́ ní ọ́fíìsì. Ẹnjiníà kà á tán, ó wo ìlẹ̀kùn, ó wo ẹ̀rọ omi. Ó wá yé e pé bí òun bá ní òun fẹ́ mọ ẹni tó kọ lẹ́tà náà, ọwọ́ òun ló kọ ọ́.

Ó lọ sí ọ́fíìsì náà láti ṣàlàyé. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀ fi sùúrù gbọ́ ọ, ó sì ní ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń kọ. Wọ́n jọ mú ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì á tún wá sílé. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń ro bí òun á ṣe tú ilé náà palẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àárọ̀ tí bàbá rẹ̀ lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù Aránbàtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló yàn.

Ó ti tú nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn, ó ti dá ọwọ́ ìlẹ̀kùn roboto ti àtijọ́ padà sí ààyè rẹ̀, nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ níta. Ẹsẹ̀ ènìyàn méjì ni. Ohùn Aránbàtà ń bọ̀ pẹ̀lú ti Sájẹ́ǹtì, wọ́n ń jiyàn lórí ohun kan tó ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́. Ẹsẹ̀ dúró. Wọ́n gbọ́ bí ìgbọ̀nwọ́ ṣe ba pákó ìlẹ̀kùn, tó sì yọ̀ wálẹ̀ láìrí nǹkan tẹ̀. Ó tún bà á, ó tún yọ̀.

Ìyá gbéra. Ẹnjiníà di ìró rẹ̀ mú.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká wò ó ná."

Ìyá wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

Níta, Aránbàtà ń béèrè bóyá kò sí èèyàn nílé ni. Sájẹ́ǹtì ní ó dà bíi pé wọ́n tì í. Aránbàtà ní kò jọ èyí tí wọ́n tì, kó yí i. Ọwọ́ ìlẹ̀kùn náà mì, bí ìgbà tí nǹkan kan kàn ń fara kàn án lásán. Kò yí. Àríyànjiyàn ti dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ìlẹ̀kùn ṣí, ọwọ́ Aránbàtà ló sì wà lórí rẹ̀.

Láti ọ̀pọ̀ ọdún wá tí wọ́n ti jọ ń jókòó, Sájẹ́ǹtì ò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ rí. Aránbàtà ti máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ológun ní ìgbéraga, pé ọwọ́ wọn ò gbọdọ̀ kan ti aráàlú. Ó wo ọwọ́ ńlá méjì tó rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì yára gbé ojú kúrò.

"Ìlẹ̀kùn yín yìí lójú," ó ní. "Ẹni tó bá wù ú ló ń ṣí fún." Ó ní òun fi bàtà ẹnìkan sílẹ̀ láìrán tán. Ó lọ.

Sájẹ́ǹtì wọlé. Ó wo agolo nọ́ọ̀tì, ó wo pẹ́dà nílẹ̀, ó jókòó. Kò ki ọwọ́ bọ àpò.

"Ṣé o gbọ́ mi lẹ́yìn ìlẹ̀kùn?"

Irọ́ wà lẹ́nu Ẹnjiníà, kò kàn lè pa á ni. "Mo gbọ́ yín, Bàbá."

"O sì jókòó."

"Nítorí ọ̀la ni. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa rí, kí wọ́n lè rí i pé ẹ ò lè ṣe é."

"Ta ló sọ pé mi ò lè ṣe é? Ṣé mi ò ń ṣí ìlẹ̀kùn yìí lójoojúmọ́ ni?"

"Irin yẹn ló ń ṣí i, Bàbá. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Eléyìí ti bọ́, ó sì ti fọ́ kí Ẹnjiníà tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́ jáde. Sájẹ́ǹtì ò bínú. Ì bá dáa ká ní ó bínú. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan bí ẹni tó ń wo ẹrù tí ẹlòmíràn gbàgbé sílẹ̀.

"Bí mo bá wà níta, inú àpò ni mo ń fi wọ́n sí," ó ní. "Inú ilé yìí nìkan ni mo ti ń yọ wọ́n. Ibi kan ṣoṣo ló kù tí n kì í ti í dúró de ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn fún mi."

Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Aṣọ ni wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Kò sí ohun tí yóò ṣí.

Ìyá ò pariwo. Ó gbé agolo náà síwájú ọmọ rẹ̀, ó ní kó dá gbogbo nǹkan padà síbi tó ti yọ ọ́, kì í ṣe lọ́la, kì í ṣe bó bá yá. Ó ní òun mọ̀ pé ilé ìwé ló ń wá, òun náà ń bá a wá a, àmọ́ kò sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni pé kéèyàn dá bàbá rẹ̀ dúró síta kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹnjiníà fẹ́ sọ pé òun ò mọ̀ pé Aránbàtà á wà pẹ̀lú bàbá òun. Ó rí i pé ìyẹn ò dín nǹkan kan kù. Ó mú sípánà.

Iṣẹ́ tó máa ń yá a lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ wá ń pẹ́. Nọ́ọ̀tì ń já bọ́, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Oòrùn ti yí kọjá àárín ọ̀run nígbà tó padà sórí irin ìlẹ̀kùn. Ó ń fún un mọ́ ọn ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ohùn kan sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ti ìsàlẹ̀ ò tíì fún. Ó bojú wẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ ti jáde, ó fi èjìká ti ògiri.

"Bí o bá fún ti òkè jù kí o tó kan ti ìsàlẹ̀, irin á wọ́. Mo ti sọ ìyẹn fún ọ rí."

Ó ti sọ ọ́ rí lóòótọ́. Ọkọ̀ àwọn ológun ló ń tún ṣe kí ogun tó dé, ohun tí Ẹnjiníà mọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ló ti ń bọ̀. Òun á jókòó sórí àga, á máa sọ ọ́. Ọmọ á máa ṣe é. Bí ó bá ṣì í, ó máa ń nira fún bàbá láti má na ọwọ́. Ẹnjiníà tú ti òkè díẹ̀, ó fún ti ìsàlẹ̀, ó padà sí ti òkè. Irin jókòó ṣánṣán.

"Òótọ́ lo sọ," Sájẹ́ǹtì ní. "Irin ló ń ṣí i."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má—"

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Bí wọ́n bá wá síbí lọ́la, o tú u ni, o ò tú u ni, ilé ni wọ́n máa rí. Bó o bá tú u, wọ́n á rí ilé tí wọ́n tú. Lọ sọ fún wọn kí wọ́n má wá. Èmi ni màá lọ bá wọn."

Ó ní kí ìyàwó òun wá ẹ̀wù ológun òun láti ìsàlẹ̀ àpótí. Ìyá ní ìyẹn ò ní ohun tó ń lẹ̀ mọ́ra, bọ́tìnnì irin gidi ló wà lára rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ bọ́ ọ. Sájẹ́ǹtì ní ìdí tí òun fi ní kó wá a nìyẹn.

Ẹnjiníà lọ jíṣẹ́ náà ní ọ́fíìsì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ló de bọ́tìnnì náà fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé ọrùn. Ẹ̀wù náà ti há mọ́ ọn níkùn. Kí wọ́n tó jáde, ó pàṣẹ fún wọn bó ṣe ń ṣe láyé ọjọ́un, pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ na ọwọ́ sí òun.

Yàrá tí wọ́n ti ń yẹ èèyàn wò fẹ̀, kò sí nǹkan púpọ̀ nínú rẹ̀ ju tábìlì kan àti bẹ́ǹṣì gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Dókítà àgbà kan ló jókòó sídìí tábìlì, ọkùnrin tó ń rọra sọ̀rọ̀, tí fáìlì sì yí ká. Nọ́ọ̀sì ọjọ́un dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí wọn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, lẹ́yìn náà ló rántí ohun tí wọ́n bá wá, ẹ̀rín náà sì wọlé padà.

Dókítà ní kí Bàbá bọ́ ẹ̀wù.

Ẹnjiníà ti ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan lórí bẹ́ǹṣì. Ó ń wo bàbá rẹ̀ tó gbé ọwọ́ ọ̀tún sí bọ́tìnnì ọrùn. Ìka náà dé ibẹ̀, wọ́n dúró lé e bí ewé tó já bọ́ lé nǹkan. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í. Ó fi ọwọ́ méjèèjì há a mọ́ àárín, ó fà á. Ó tẹ orí, ó wá a pẹ̀lú eyín, kò dé ibẹ̀. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀. Ohun tí ọmọdé ń ṣe kó tó fọ ojú ni, ó sì ń lọ, ó ń lọ, kò parí. Ẹnjiníà mọ ohun tí wọ́n á fi ṣe é. Wáyà kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ bí ìkọ́ ẹja, tí wọ́n fi rọ́bà so mọ́ ọrùn ọwọ́, ó ti rí i lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe máa wọ ihò bọ́tìnnì tó sì máa fà á jáde. Ó tẹ itan mọ́ ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi ń dùn ún.

Nọ́ọ̀sì gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

"Ẹ jẹ́ kó pẹ́," Sájẹ́ǹtì ní. "Ẹ máa wò ó."

Dókítà ṣí fáìlì. Ó béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá bàbá yìí kan náà ló bọ́ ẹ̀wù níwájú rẹ̀ níjọ́sí, nọ́ọ̀sì ní òun ni. Dókítà yíjú sí Sájẹ́ǹtì, ó tọrọ gáfárà kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ rí àgbàlagbà fín, ṣùgbọ́n òun rí ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí. Ẹni tó lè bọ́ ẹ̀wù ní oṣù tó kọjá, tí kò lè bọ́ ọ ní oṣù yìí nítorí pé wọ́n kọ lẹ́tà sí i, kí ni kí òun pè é?

Ohun tí wọ́n wá fi ara ṣe ti ń yí padà di ẹ̀sùn. Ẹnjiníà rí i pé etí bàbá rẹ̀ ti pọ́n.

"Níjọ́sí, ilé mi lẹ yẹ̀ wò," Sájẹ́ǹtì ní. "Òní ni mo ní kí ẹ yẹ èmi wò." Ó yíjú sí Ẹnjiníà. "Ọmọ mi, sọ fún wọn."

Ẹnjiníà dìde, ó sọ ọ́. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń rojọ́. Ó ṣàlàyé irin ìlẹ̀kùn, ó ṣàlàyé pẹ́dà àti okùn tó gba abẹ́ ẹ̀rọ omi kọjá, ó ní bọ́tìnnì tí nọ́ọ̀sì rí lọ́jọ́ yẹn ò de nǹkan kan. Ó sọ bí àwọn ṣe ń tò bí àlejò bá dé, ẹni tó ń dúró sí òsì àti ẹni tó ń fi ìkíni fa àlejò sẹ́yìn. Bó ti ń sọ ọ́, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń tú àṣírí ilé wọn síta. Ìyá rẹ̀ tẹ orí ba. Nọ́ọ̀sì ní, jẹ́jẹ́, "Ìwọ lo gba àpò mi. Mo tiẹ̀ sọ fún àwọn ará ọ́fíìsì pé ọmọ náà ní ẹ̀kọ́."

Dókítà ò sọ pé òun gbà á gbọ́. Ó dìde, ó ní kí Sájẹ́ǹtì dijú kó máa sọ ìtàn kan fún òun, èyí tó bá wù ú. Sájẹ́ǹtì dijú. Ó ń sọ nípa ọkọ̀ ńlá kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú sáàárín odò, bí wọ́n ṣe fi okùn àti igi méjì fà á jáde. Dókítà mú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan, ó fi gún un ní orí ìka. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Okùn náà ti fẹ́ já, Sájẹ́ǹtì ń sọ, wọ́n wá lọ́ ọ po lọ́nà méjì. Dókítà gún ìka kejì, àti ìka kẹta. Ọkọ̀ jáde kúrò nínú odò. Sájẹ́ǹtì la ojú, ó rí ẹ̀jẹ̀ lórí ọwọ́ rẹ̀, ó béèrè pé ta ló fara pa.

Nọ́ọ̀sì wá òwú, ó ń nu ọwọ́ náà, ó sì ń nù ún ju bó ṣe yẹ lọ.

Dókítà padà sídìí tábìlì, ó kọ nǹkan fún ìgbà pípẹ́. Ó ní wọ́n á gbọ́ látọ̀dọ̀ àwọn kí oṣù tó parí.

Lọ́nà ilé, bọ́tìnnì kan ti já lára ẹ̀wù náà níbi tó ti ń fà á, ọrùn ẹ̀wù sì yà sílẹ̀. Ìyá ní kí òun fa méjèèjì pọ̀. Sájẹ́ǹtì ní kó fi sílẹ̀. Wọ́n gba òpópó kọjá báyìí, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń dá àwọn tó kí i lóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Aránbàtà, ó wo òdìkejì.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ò dára. Sájẹ́ǹtì ń jẹun, ó ń ṣílẹ̀kùn, ó ń mu omi, kò kàn fi bẹ́ẹ̀ bá Ẹnjiníà sọ̀rọ̀. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Bí ọmọ bá ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe lágbàlá, tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi nọ́ọ̀tì kan sílẹ̀ láìfún kí bàbá lè bá a wí, bàbá á rí i, á sì dákẹ́. Ìyá ní kó fi í sílẹ̀, pé ohun tó ti wà nínú àpò fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìmọ́lẹ̀ á kọ́kọ́ ta á lójú. Ẹnjiníà ń rò ó pé bí wọ́n bá tún kọ̀, a jẹ́ pé òun ti fi bàbá òun tọrọ, òun ò sì rí nǹkan kan gbà.

Wọn ò kọ̀. Lẹ́tà náà dé nígbà tí oṣù ti ń parí lọ. Ìjọba á san gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ọjọ́ tó bá jáde. Ìyá kà á, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún láìpariwo. Sájẹ́ǹtì ní ó dára. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló sọ.

Ẹnjiníà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́jọ́ kejì. Ó tò lórí ìlà títí ó fi kan fèrèsé tí wọ́n ti ń gbà wọ́n. Obìnrin tó wà níbẹ̀ yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó rí i pé ìjọba ló ń sanwó, ó sì béèrè, láìgbé ojú sókè, kí ló ṣe bàbá rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti béèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó máa ń sọ ni pé bàbá òun ti fẹ̀yìn tì.

"Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ò ṣiṣẹ́," ó ní. "Ogun ló fà á."

Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ kan kùn lẹ́yìn rẹ̀, ó sì na káàdì kan sí i láti ojú fèrèsé. Orúkọ Ẹnjiníà wà lórí rẹ̀, àti ti ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́, lẹ́tà tó yọ gbọ̀ngbọ̀n lójú ike.

Nígbà tó délé, ó gbọ́ ohùn méjì nínú ilé. Aránbàtà ti wá fúnra rẹ̀. Ó jókòó sórí àga tó dojú kọ Sájẹ́ǹtì, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn kan tí kò sí ẹni tó máa jàre. Ìyá ń rẹ́rìn-ín nílé ìdáná. Ẹnjiníà kí wọn, ó kúnlẹ̀, ó fi káàdì náà sórí tábìlì, nítorí kò mọ̀ bóyá kó fún bàbá rẹ̀ ní nǹkan lójú ẹlòmíràn.

Sájẹ́ǹtì wò ó níbi tó wà.

"Gbé e súnmọ́ mi."

Nígbà tí wọ́n bá jẹ́ ará ilé nìkan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni Sájẹ́ǹtì máa ń fi mọ nǹkan. Aṣọ tuntun, omi tó gbóná, orí ọmọ rẹ̀ nígbà tí ibà bá mú un. Kò ṣe é lójú àlejò rí. Ó tẹ orí báyìí, ó gbé ojú rẹ̀ lé káàdì tó wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé àwọn lẹ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kàwé. Aránbàtà ń wò ó. Kò gbé ojú kúrò.

"Ó yọ dáadáa," Sájẹ́ǹtì ní. "Ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́ Ajé, Bàbá."

Ó mi orí pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n kò tíì gbé ojú kúrò lórí káàdì náà.